Rọ́bọ́ọ̀tì Mazor X nínú iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti ń yọ̀

Kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀ ní Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú inú wò ni ère irin kan tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó ń la ẹ̀yìn èèyàn, tí dókítà sì káwọ́ lẹ́rán síbì kan. Mazor X Stealth Edition tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í gé ẹran, kì í sì í lu eegun. Apá irin olóríkèé mẹ́fà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé ọ̀pá oníhò kan síbi gan-an tí dókítà ti yàn lórí kọ̀ǹpútà, kó dì í mú gbọn-in, kí dókítà wá ti inú ihò náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu eegun. Ẹni tó bá rà á bí ẹni tó ra oníṣẹ́ abẹ, ohun tí wọn kò tà fún un ló gbà pé òun rà.

Ẹ má sì fi í wé da Vinci tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì ń lò. Ní ti ìyẹn, dókítà jókòó sídìí ẹ̀rọ, gbogbo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí ni apá irin ń yí nínú ara aláìsàn. Ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn, dókítà wà lórí aláìsàn bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Mazor Robotics ti Ísírẹ́lì ló ṣe Mazor X. Ọdún 2004 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́bí wọn, SpineAssist. Renaissance tẹ̀lé e ní 2011, Mazor X ní 2016. Ní ìparí 2018, Medtronic ra ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì so StealthStation, ẹ̀rọ atọ́nà tiwọn, mọ́ apá irin náà. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti gùn sí i. Àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà ni ExcelsiusGPS ti Globus Medical, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, ROSA ti Zimmer Biomet tó pilẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, àti TiRobot ti àwọn ará Ṣáínà.

Ìdí tí mìlímítà kan fi tó nǹkan

Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní ọrùn méjì tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n so àgbá eegun tó wà níwájú mọ́ apá ẹ̀yìn rẹ̀. Inú ọrùn yìí ni síkúrù tí wọ́n fi ń de eegun ẹ̀yìn mọ́ra ń gbà wọlé. Bí síkúrù bá bọ́ sí inú, okùn iṣan tó so ẹsẹ̀ mọ́ ọpọlọ ló ń dúró dè é. Bó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, gbòǹgbò iṣan ni. Bó bá gùn jù tó yọ síwájú, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wà níbẹ̀.

Ọrùn náà kò fẹ̀ bákan náà látòkè délẹ̀. Ní L5, eegun karùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó lè tó mìlímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní L1, eegun kìíní ibẹ̀, ó máa ń wà ní nǹkan bí 8. Ní àárín àyà, ní T4 sí T6, ti ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ju nǹkan bí 5 lọ. Síkúrù tí wọ́n sábà ń lò ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fẹ̀ tó 6.5, ó sì gùn ní 40 sí 50. Ẹ fi 6.5 sínú 8: ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kò pé mìlímítà kan. Bí ọwọ́ bá sì yà ní dígírì 3 péré, kí síkúrù tó wọlé dé mìlímítà 50, orí rẹ̀ ti yà ní 2.6. Ojú lásán kò lè rí dígírì 3.

Láti 1990 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi ìdíwọ̀n Gertzbein àti Robbins wọn bí síkúrù ṣe jókòó. A ni èyí tó wà nínú ọrùn eegun pátápátá. B ni èyí tó yọ síta láì tó mìlímítà 2. C wà láàárín 2 sí 4, D láàárín 4 sí 6, E sì ni èyí tó ju 6 lọ. A àti B ni wọ́n ń kà sí rere. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yóò fi ọwọ́ lásán gba A tàbí B fún ohun tó ju 90 lọ nínú síkúrù 100. Ọ̀pọ̀ àbọ̀ tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń lo rọ́bọ́ọ̀tì ń sọ nípa 95 sókè. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ń tà á máa ń fi ohùn wọn gbé e.

Kódà ìgbà kan wà tí ọwọ́ lásán borí. Ní 2012, ìwádìí kan láti Jámánì jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ìbò pín aláìsàn 60 sí ọ̀nà méjì: SpineAssist àti ọwọ́ lásán. Ọwọ́ lásán gba 93 nínú 100, rọ́bọ́ọ̀tì gba 85. Bí wọ́n ṣe so ẹ̀rọ ìgbà náà mọ́ aláìsàn kò dúró ṣinṣin tó, ọ̀pá oníhò sì ń yọ̀ lórí eegun. Ohun méjì yẹn, ìdúró ṣinṣin àti yíyọ̀, ni wọ́n fi ọdún púpọ̀ tún ṣe lára Mazor X. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èkejì ṣì wà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Àwòrán CT, X-ray tó ń ya inú ara ní ègé-ègé, ló kọ́kọ́. Kí ègé àwòrán má nípọn ju mìlímítà 1 lọ, kí wọ́n má fo ibì kan láàárín, kí wọ́n má sì dagun ẹ̀rọ CT bí wọ́n ti ń yà á. CT onípọn 3 tàbí 5 tí wọ́n yà fún àyẹ̀wò lásán kò wúlò níbí: etí ọrùn eegun á ti rí bí ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó ti já, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ibi tó ti tán.

Dókítà yóò wá fa síkúrù kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán náà, yóò yan bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe gùn tó àti ọ̀nà tó máa gbà. Níbí ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí i pé orí gbogbo síkúrù tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, kí ọ̀pá irin mìlímítà 5.5 tó máa so wọ́n pọ̀ lè jókòó láì jẹ́ pé wọ́n ń fipá tẹ̀ ẹ́. Yóò rí i pé síkúrù tó wà lókè pátápátá kò jẹ oríkèé eegun tó wà lókè rẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, yóò wá ojú eegun tó tẹ́jú fún ẹnu ihò, kódà bí ọ̀nà ibòmíràn bá dára jù lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé irin máa ń yọ̀.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n á dá aláìsàn dojú bolẹ̀, ikùn rẹ̀ á gbé sínú àlàfo kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pọ̀ ní ẹ̀yìn. Apá irin á wọ ara irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún ìṣó gígùn kan wọ eegun ìbàdí lẹ́yìn, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀mú há ṣónṣó eegun ẹ̀yìn, wọ́n á sì fi afárá irin so ìṣó yìí mọ́ apá rọ́bọ́ọ̀tì. Ohun tó ya Mazor sọ́tọ̀ nìyẹn: ara aláìsàn àti apá irin di ọ̀kan, bí ọ̀kan bá mì, èkejì á bá a mì. ExcelsiusGPS àti ROSA dúró lórí ilẹ̀, kámẹ́rà nìkan ni wọ́n fi ń mọ ibi tí aláìsàn wà. ROSA tilẹ̀ máa ń sún apá rẹ̀ tẹ̀lé èémí. Èyí tó bá wù ẹ́ ni, ṣùgbọ́n tiwa ni pé ohun tí wọ́n dè mọ́ra kì í tètè ṣìnà.

Kámẹ́rà tó wà lára apá irin á wo ẹ̀yìn aláìsàn yíká kí apá náà má bàa kọ lu ara tàbí irinṣẹ́ bó ti ń rìn. Lẹ́yìn èyí ló kan kókó iṣẹ́ náà: kí àwòrán CT bá ara tó wà lórí ibùsùn mu. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kìíní, apá irin á di àwo kan tó ní àmì irin lára mú sókè ẹ̀yìn, C-arm, ẹ̀rọ X-ray tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C, á ya X-ray méjì, ọ̀kan lójú tààrà, ọ̀kan ní ìdagun, kọ̀ǹpútà á sì fi wọ́n wé CT. Ọ̀nà kejì, O-arm, ẹ̀rọ X-ray tó rí roboto bíi lẹ́tà O, á yí aláìsàn ká lójú ẹsẹ̀, àwòrán tuntun á jáde, orí ìyẹn ni wọ́n á sì ti fa síkúrù.

Àǹfààní kan wà nínú ọ̀nà kìíní tí a kì í gbọ́ kí wọ́n yìn ín tó. CT jẹ́ ti ìgbà tí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀; ní yàrá iṣẹ́ abẹ ó dojú bolẹ̀, eegun kan sì ti yí díẹ̀ sí èkejì. Mazor kò gba gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn bí igi kan. Eegun kọ̀ọ̀kan ló ń bá mu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, bí L3 bá ti yí díẹ̀ sí L4 láti ìgbà tí wọ́n ti ya CT, kò ba nǹkan jẹ́.

Kí wọ́n tó lu ohunkóhun, kí ẹnì kan mú irin atọ́ka, kó fi kan ibi tí gbogbo èèyàn mọ̀, bí orí ṣónṣó eegun ẹ̀yìn, kó sì wo bóyá ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn. Bó bá fi mìlímítà 2 yàtọ̀, kí wọ́n tún gbogbo ìbáramu ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni. Àwọn tó ń fò ó nítorí pé ó dára lánàá ni wọ́n máa ń bá síkúrù C pàdé lọ́la.

Ó wá ku lílu. Ojú ọgbẹ́ fún síkúrù kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2; kí wọ́n la ìbòrí líle tó bo ẹran abẹ́ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe la awọ lọ, ìdí rẹ̀ á hàn nísàlẹ̀. Wọ́n á ti ọ̀pá oníhò wọlé títí yóò fi kan eegun, dírìlì tó ń yára yí á lu ẹnu ihò, wọ́n á fi irin oníyíyí tó kéré sí síkúrù ní mìlímítà 1 la ọ̀nà, síkúrù á sì tẹ̀ lé e. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti tọ́ síkúrù sọ́nà, kí ẹnì kan gbójú lé wáyà náà nìkan, torí pé bí síkúrù ti ń yí, ó lè máa ti wáyà lọ síwájú láì jẹ́ pé ọwọ́ mọ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ni yóò sì bá níwájú.

Ètò iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì: síkúrù kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n tó gé eegun tó ń fún iṣan tàbí kí wọ́n yọ dísìkì, ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun méjì. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti gé, eegun á tú díẹ̀, ìbáramu tó wà tẹ́lẹ̀ kò sì ní jẹ́ òtítọ́ mọ́. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù nígbà tí ìbáramu ṣì tutù.

Bí síkúrù bá ti wọlé, X-ray ni, tàbí kí O-arm tún yí ká. Àwọn kan á tún fi iná mànàmáná díẹ̀ kan orí síkúrù ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n á wo ìgbà tí iṣan ẹsẹ̀ máa fèsì. Bó bá fèsì nígbà tí ìwọ̀n iná náà kò tíì tó mA 8, kí wọ́n fura pé ògiri ọrùn eegun ti là. Bó bá ju 10 lọ, ọkàn balẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ní ṣiṣẹ́ bí akunnilóorun bá ti fún aláìsàn ní oògùn tó ń rọ iṣan. Kí wọ́n sọ fún un ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí síkúrù ti wọlé tán.

Ibi tó ti ń yọ̀

Gbẹ́nàgbẹ́nà èyíkéyìí ní Lagere, ní Ifẹ̀, mọ èyí. Bí o bá gbé ẹnu dírìlì lé ẹ̀gbẹ́ pákó tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò kọ́kọ́ yọ̀ kó tó jẹ, ihò náà á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí o ti sàmì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìṣó lu ojú àmì kí dírìlì tó dé e. Oríkèé eegun ẹ̀yìn da gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, pàápàá ní ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí oríkèé rẹ̀ ti wú. Ọ̀pá oníhò á kan gẹ̀rẹ́ náà, á yọ̀ sí ìta ní mìlímítà 2 tàbí 3, apá irin á tẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa fi hàn pé ohun gbogbo wà ní ipò. Lójú wa, àléébù tó tóbi jù lára gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì ọ̀pá ẹ̀yìn nìyí, kì í ṣe ti Mazor nìkan.

Ohun tó ń gbà á là kò le. Kí wọ́n fi ẹnu dírìlì tó yára fọ ojú gẹ̀rẹ́ náà kó tẹ́jú kí ọ̀pá oníhò tó jókòó. Kí wọ́n má fi agbára ti dírìlì. Eré ni kó fi jẹ eegun, kì í ṣe ipá. Ibi tí ìbòrí ẹran yẹn ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí: bí ojú ọgbẹ́ bá kéré jù, ẹran á máa ti ọ̀pá oníhò láti ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá fi èjìká ti ni. Nínú ẹni tó sanra, ẹran lè tó sẹ̀ǹtímítà 8 kí wọ́n tó kan eegun, títì yẹn sì pọ̀. ExcelsiusGPS máa ń fi hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ohun kan bá ń ti ọ̀pá oníhò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn dára, a fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn yíyọ̀, pípàdánù ìbáramu ló kù. Ẹnì kan á fara ti ibi tí àmì atọ́ka wà. Ìṣó tí wọ́n gún wọ eegun ìbàdí aláìsàn tó dàgbà, tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́, á máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ, láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ̀jẹ̀ á ta sára àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán lójú kámẹ́rà. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún, kí wọ́n sì nù ún gbẹ, torí omi náà ń da ìmọ́lẹ̀ rú. Nọ́ọ̀sì á gba iwájú kámẹ́rà kọjá, àwòrán á sì dúró. Ìyẹn kò burú, ó kàn ń tán sùúrù ni. Èyí tó burú ni èyí tí kò dúró, tó ń bá a lọ láti fi irọ́ hàn.

Bí ibi tí wọ́n ń lu bá ti jìnnà sí ibi tí wọ́n so àmì mọ́, àṣìṣe á máa pọ̀ sí i. Ẹni tó so ìṣó mọ́ ìbàdí, tó sì ń lu T8, kí ó tún ìbáramu ṣe níbẹ̀. Ní àyà, èémí ń gbé eegun sókè sódò. Akunnilóorun lè dá èémí ẹ̀rọ dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí lílu bá ń lọ.

Bí a bá gbé e wá sí ẹkùn wa

OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló ní ẹ̀ka Ifẹ̀ àti Wesley Guild ní Iléṣà, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ àti ti Iléṣà sí Àkúrẹ́ sì ń rán àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́ jáde. Ẹ fi àwọn tó já láti orí ọ̀pẹ àti àwọn tí ikọ́ ife ti jẹ eegun ẹ̀yìn wọn kún un. Iṣẹ́ síkúrù kò ní wọ́n láéláé. Ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ ni ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ yìí tó wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Iná ni kìíní. Kì í ṣe kí iná kàn wà, bí kò ṣe kó má ṣẹ́jú. Láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé e, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti kú. Apá irin á dì síbi tó wà, kò ní já lu aláìsàn; ìbáramu ni ó ṣeé ṣe kó sọnù, wọ́n á sì tún un ṣe pẹ̀lú X-ray mìíràn. UPS tí iná ń gba inú bátìrì rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo ni kí wọ́n rà, kì í ṣe èyí tó ń dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Kí wọ́n má sì so C-arm mọ́ UPS kan náà: bó bá ti fẹ́ ya àwòrán, ó máa ń fa iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo débi tó lè gbé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.

Ibùsùn ni kejì. Irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àtijọ́ kì í sábà bá ìdè apá rọ́bọ́ọ̀tì mu, ibùsùn onírin nínípọn kì í sì í jẹ́ kí O-arm ríran. Kí wọ́n wọn irin ẹ̀gbẹ́ náà kí wọ́n tó sanwó. Ìgbà ọyẹ́, eruku lórí ojú kámẹ́rà tó wà ní nǹkan bí mítà 2 sí aláìsàn tó láti ba ìríran rẹ̀ jẹ́. Aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ni kí wọ́n fi nù ún lójoojúmọ́, kì í ṣe gọ́ọ̀sì.

Owó ńkọ́? Apá irin nìkan wà ní agbègbè mílíọ̀nù dọ́là kan. O-arm lọ́tọ̀. Owó ìtọ́jú ọdọọdún lọ́tọ̀. Àwọn ohun tí wọ́n ń lò dànù fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan tún lọ́tọ̀: aṣọ tó ń bo apá irin, ìṣó, ẹnu dírìlì, bọ́ọ̀lù tó ń dán. Ibi bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n á ti fẹ́ máa fi ọgbọ́n ṣe é, kí wọ́n sè é kí wọ́n tún lò ó. Kí wọ́n má ṣe é. Ooru ń ṣí awọ tó ń dán kúrò lára rẹ̀, kámẹ́rà á sì máa ka àárín bọ́ọ̀lù náà sí ibi tí kò sí.

Ìwé ìròyìn tó ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ń dín ìtànṣán X-ray kù kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó dín in kù fún. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jàǹfààní jù, torí wọ́n lè jáde nígbà tí O-arm bá ń yí. Aláìsàn ti gba ti CT, ó sì tún lè gba ti O-arm.

Ní ti àkókò, aláìsàn 20 sí 30 àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ẹgbẹ́ yóò fi mọ́ ọn, iṣẹ́ á sì máa gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà náà. Ilé ìwòsàn tí kò ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó láàárín ọdún kan, ọwọ́ wọn kò ní mọ́ láé, á máa tutù kó tó tún gbóná.

Tiwa

Fún ẹ̀yìn tó wọ́, ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí rí tí gbogbo àmì orí eegun ti rẹ́, ọrùn eegun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní àyà, àti síkúrù tí wọ́n ń fi sínú láì la ẹ̀yìn gbàràgadà, a fún un ní 8 nínú 10. Fún síkúrù mẹ́rin ní L4 àti L5 nínú ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ dára, tí dókítà sì mọṣẹ́, 4 nínú 10. Owó náà pọ̀ ju èrè lọ. Fún dísìkì tó yọ, tó ń fún iṣan, òdo ni. Iṣẹ́ yẹn kò ní síkúrù nínú, kò sì sí nǹkan tí rọ́bọ́ọ̀tì fẹ́ dì mú níbẹ̀. A sọ èyí torí pé àwọn tó ń béèrè jù nípa ẹ̀rọ yìí ni àwọn tí dísìkì ń yọ lẹ́nu, àwọn kan sì ti ń wá owó láti fò lọ sí ìlú òyìnbó tàbí Íńdíà nítorí rẹ̀.

Bí a bá ní ká yan fún yàrá iṣẹ́ abẹ tó ní C-arm tó dára ṣùgbọ́n tí kò ní O-arm, Mazor la máa mú, torí X-ray méjì àti CT tó ti wà nílẹ̀ tó o, eegun kọ̀ọ̀kan sì ń bá mu lọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ rí irinṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ wáyà, ExcelsiusGPS dùn ún lò jù. Ó gba àyè nílẹ̀ ṣá, yàrá kékeré kò gbà á.

Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n máa fi ṣe tirẹ̀, kí ó béèrè mẹ́rin: iye irú iṣẹ́ yìí tí ẹgbẹ́ náà ti ṣe pọ̀, bí wọ́n bá máa ń ya CT lẹ́yìn rẹ̀ láti wo bí síkúrù ṣe jókòó, ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láàárín iṣẹ́, àti bóyá dókítà náà lè fi ọwọ́ lásán parí rẹ̀. Bí ìdáhùn sí ìkẹyìn bá ń fà, kó wá ẹlòmíràn.

Kó sì gba CT rẹ̀ bó ṣe yẹ. Fíìmù ńlá tí wọ́n ń ká sínú àpòòwé, kọ̀ǹpútà rọ́bọ́ọ̀tì kò lè kà á. Fáìlì DICOM, irú èyí tí ẹ̀rọ CT fúnra rẹ̀ ń gbé jáde, ló ń fẹ́, gbogbo ègé onímìlímítà 1, lórí CD tàbí fláàṣì, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi fóònù yà lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó gbà á lọ́jọ́ náà gan-an kó tó kúrò níbẹ̀, torí pé ibi tí wọ́n ti ń ya CT máa ń nu ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà láti fàyè sílẹ̀, èyí tó nípọn nìkan ni wọ́n ń fi pamọ́, bí wọ́n bá sì ti nù ún, àfi kí wọ́n tún un yà.